Àmánà Ni Omi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó ń fi omi òjò jí ilẹ̀ tó ti kú. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad àti àwọn ará ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí dá lórí omi, àti ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀.

Ní 1992, Amẹ́ríkà àti Faransé gbé sátẹ́láìtì TOPEX/Poseidon lọ sí òkè sánmọ̀. Ó ta rédà sí ojú omi láti mọ bí omi ṣe ga tó. Àwọn sátẹ́láìtì mìíràn ń ya àwòrán bí adágún ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó mọ bí ẹnu àmù ṣe fẹ̀ tó, tó sì mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ tó, yóò mọ iye tó ti lọ. Ní 2023, àwọn onímọ̀ gbé ìṣirò adágún ńlá 1,972 jáde, láti 1992 dé 2020. Nínú 100, 53 ni omi wọn ti dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan tí gbígbẹ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí sátẹ́láìtì yẹn tó gòkè. Òkun Aral wà láàrin Kazakhstan àti Uzbekistan, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Uzbekistan yìí náà ni Bukhara wà, níbi tí wọ́n bí Ímáámù Bukhari sí. Ní 1960, òun ni adágún kẹrin tó tóbi jù láyé. Ìjọba Soviet wá darí omi odò Amu Darya àti Syr Darya sí oko òwú. Adágún ń fà, iyọ̀ inú rẹ̀ ń pọ̀, ẹja ń kú. Ní Moynaq, tó jẹ́ èbúté àwọn apẹja, orí iyanrìn ni ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí. Ní 2014, àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé apá ìlà-oòrùn Aral ti gúúsù gbẹ pátápátá.

Ẹ̀yin ará wa, òwú gbígbìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àṣejù ni ó burú. Nínú Súrà Ar-Rahman, Ọlọ́hun fi yé wa pé Òun ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, kí a má ṣe kọjá ààlà rẹ̀. Omi múdù kan, tí kò tó líta kan, ni Ànábì wa máa ń fi ṣe àlùwàlá. Àwa ńkọ́? A ó ṣí ẹ̀rọ omi mọ́sálásí sílẹ̀, a ó máa bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ, omi ń ṣòfò. Ẹni tí kò lè ṣọ́ omi àlùwàlá, bí a bá fi odò lé e lọ́wọ́ lọ́la, kí ni yóò fi í ṣe?

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn túúbá ṣì ṣí sílẹ̀. Ní 2005, Kazakhstan parí ìdídò Kok-Aral. Omi padà sí Aral ti àríwá, ẹja padà, àwọn apẹja náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti gúúsù kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a tètè túnṣe kí ó tó pẹ́ jù.

Bí irin tí ọmọ ènìyàn rọ bá lè ka omi adágún fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kí ni a rò nípa àwọn màláíkà tó ń kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀? Kí Ọlọ́hun má ṣe kọ wá mọ́ àwọn onínàákúnàá. Àmín.