ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ERÉ OGUN LÁÀRIN Ọ̀RẸ́

Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 2:12-32, 3:20-27, Sekaráyà 8:4-5

  

Ìbéèrè kan ló wà nílẹ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Redemption Camp níbí ló ti wá. Lọ́jọ́ ìsinmi ìjọba kan, àwọn mẹ́fà jókòó yí pátákó Risk ká láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n dìde, àwọn méjì nínú wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọ̀kan ti sọ fún èkejì pé, "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ní kọlù ọ́." Kò pẹ́ sí i, ó da ọmọ ogun bo ilẹ̀ ẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó ní, "Ṣebí eré ni!" Ohun tí wọ́n wá ń bèèrè ni pé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni irọ́ tí èèyàn bá pa nínú eré?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ò mọ eré yìí, ará Faransé kan tó ń ṣe fíìmù, Albert Lamorisse, ló gbé e jáde ní 1957. Àwòrán ayé ló wà lórí pátákó náà, wọ́n pín in sí ilẹ̀ 42. Gbogbo Áfíríkà ò ju ilẹ̀ mẹ́fà lọ níbẹ̀, kò sì sí orúkọ Nàìjíríà. Oníkálukú ní ọmọ ogun tirẹ̀, dáìsì ni wọ́n fi ń jà, ẹni tó bá gba gbogbo ayé ló borí. Nítorí pé ẹnì kan ò lè dojú kọ gbogbo àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa bá ara wọn ṣàdéhùn: má kọlù mí níhìn-ín, èmi náà ò ní kọlù ọ́ lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé wa: eré fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́run ń sọ bí Jerúsálẹ́mù yóò ṣe rí tí Òun bá mú un padà bọ̀ sípò, ó ní àwọn arúgbó yóò jókòó ní ìgboro, àwọn ọmọdé yóò sì máa ṣeré níbẹ̀. Ibi tí àlàáfíà bá wà ni eré wà. Ẹ wo ọpọ́n ayò tiwa, ihò 12, ọmọ ayò 48. Ọ̀ta ti mọ ibi tó ń lọ, kò ní sọ fún òpè. Á jẹ ọmọ rẹ̀, á tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran á máa rẹ́rìn-ín. Ta ló máa pe ọ̀ta ní olè? Òpè fúnra rẹ̀ ló jókòó, òun náà sì ń wá ọ̀nà láti jẹ. Ohun tí ẹni méjì ti jọ gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ìdí adágún Gíbíónì. Ábínérì, olórí ogun ilé Sọ́ọ̀lù, jókòó sápá kan. Jóábù, olórí ogun Dáfídì, jókòó sápá kejì. Ábínérì dábàá pé kí àwọn ọ̀dọ́ dìde wá ṣeré níwájú àwọn. Jóábù gbà. Méjìlá jáde níhìn-ín, méjìlá jáde lọ́hùn-ún. Eré ni wọ́n pè é, àmọ́ idà gidi ló wà lọ́wọ́ wọn. Oníkálukú di ẹnì kejì rẹ̀ lórí mú, ó gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn sì jọ ṣubú. Bí eré bí àwàdà, ogun dé. Nígbà tí wọ́n ka òkú, 20 ló kú lọ́dọ̀ Jóábù, títí kan Ásáhẹ́lì àbúrò rẹ̀. 360 ló kú lọ́dọ̀ Ábínérì.

Kò parí síbẹ̀ o. Jóábù gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sínú. Nígbà tí Ábínérì wá bá Dáfídì ṣàdéhùn àlàáfíà, Jóábù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ẹnubodè Hébúrónì bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì gún un pa.

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ fún wa.

Àkọ́kọ́: ohun tí eré kò fún ọ, má fi ṣeré. Eré fún ọ ní ọmọ ogun, ó fún ọ ní dáìsì. Kò fún ọ ní orúkọ Ọlọ́run. Bí o bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé, "Rántí pé èmi ni mo dúró tì ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú, má kọlù mí," idà gidi lo yọ yẹn. Àdéhùn tí kò ní ìbúra nínú ńkọ́? Bí gbogbo yín bá ti gbà ṣáájú pé àdéhùn lè yẹ̀, ti ọ̀ta ayò ni. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ẹnì kejì lè rò pé ọ̀rẹ́ òun ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, "Ajíhìnrere, ẹ ti le jù." Ẹ jẹ́ n bi yín: kí ló ń parí ogun gidi? Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ní 1877, ìbọn ò lè parí ẹ̀. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí bùdó ogun títí wọ́n fi ṣe àdéhùn ní 1886. Síbẹ̀, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń parí ogun. Ẹni tó bá ti sọ ìbúra di nǹkan yẹpẹrẹ níbi eré, kí ló máa fi parí ìjà nínú ilé ẹ̀? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìkejì: ohun tí eré fún ọ, má gbé e relé. Eré fún ọ ní ọ̀tá fún ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ti ń kó ọmọ ogun padà sínú páálí, dá ọ̀tá náà padà síbẹ̀. Ìwọ tí wọ́n tàn, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ ti wà nínú páálí. Ọ̀rẹ́ rẹ ló kù lóde. Má ṣe bíi Jóábù.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Ẹni tó gba ilẹ̀ ò ṣẹ̀. Ẹni tó fi Ọlọ́run búra kó lè rí ilẹ̀ gbà ṣẹ̀, kó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tàn, kó dárí jì í, kó má sì jẹ́ kí oòrùn òní wọ̀ bá a.

Iṣẹ́ òní: Ta lo ń bínú sí nítorí eré, àwàdà tàbí bọ́ọ̀lù? Pè é lórí fóònù kó tó di ọ̀sán.

Àdúrà: Bàbá, gba ẹnu mi lọ́wọ́ ìbúra èké, ìbáà ṣe nínú eré. Mú ìkùnsínú kúrò lọ́kàn mi, kí n lè rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹni tó borí mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á tù wá lára o.