Gbèsè Àáró

Bí àwọn ènìyàn bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan dáwọ́ lé nǹkan, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹnì kan yọ ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó bá wù ú?

Àwọn àgbẹ̀ Ìkẹ̀rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè tí wọ́n mọ àáró ní ìdáhùn kan. Bí ọkùnrin mẹ́fà bá gbà láti máa bá ara wọn kọ ebè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì kọ ti Òjó tán lọ́jọ́ kìíní, Òjó kò gbọdọ̀ wí lọ́jọ́ kejì pé òun kò ṣe mọ́. Òógùn ẹlòmíràn ń bẹ nínú oko rẹ̀. Gbèsè ni.

Àwọn Menonáìtì, Kristẹni tí kì í jagun, ti Rọ́ṣíà dé Manitoba ní Kánádà ní 1874. Wọ́n kọ́ ilé sí abúlé, wọ́n pín oko láàárín ara wọn, ẹran wọn sì ń jẹ̀ ní pápá kan náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, olúkúlùkù ló ni ilẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá yọ ìpín rẹ̀ kúrò, òfin kò bá a wí, bẹ́ẹ̀ ni ètò oko aládùúgbò rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ abúlé ló túká báyìí. Òfin dá wọn láre. Àáró kò lè dá wọn láre.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ayétòrò ní etí òkun Ìlàjẹ, tí àwọn Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ dó ní 1947. Àwọ̀n, ọkọ̀ ojú omi àti owó, ti ìlú ni gbogbo rẹ̀. Ìlú ló ń bọ́ wọn, òun ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Iná mànàmáná tàn níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì ń tan fìtílà. Síbẹ̀, kí àwọn ọdún 1960 tó parí, wọ́n fi ètò àjùmọ̀ní náà sílẹ̀.

Àwọn tó tẹ ìlú náà dó fi ẹnu ara wọn gbà. Ta ló bi ọmọ tí a bí síbẹ̀ léèrè?

Èrò mi nìyí: ẹni tó ti gbà, kó san gbèsè rẹ̀ kó tó lọ. Ẹni tí a bí sínú rẹ̀ náà jẹ gbèsè, nítorí ó jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni gbèsè tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bí a bá wí pé ìlú yóò tú bí àwọn ọmọ bá lómìnira, ìlú ni kó tún ara rẹ̀ ṣe. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní, òótọ́ ni. Àjọjẹ tí a fi túláàsì múni jẹ kò lè dùn láé.