IBI TÍ OJÚ OLÙRÀ KÒ TÓ

KÀ: Deutarónómì 22:8, Lúùkù 16:10-12

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Tesla fi ọkọ̀ tuntun kan tó ń lo iná mànàmáná han gbogbo ayé. Cybertruck ni wọ́n pè é. Irin tí kì í tètè dípẹtà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Wọ́n gbé òòlù ńlá, wọ́n fi lu ilẹ̀kùn rẹ̀ níwájú èrò, kò tẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ là lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n irin náà dúró.

Ìparí ọdún 2023 ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ náà. Iye owó àwọn tó kọ́kọ́ jáde tó nǹkan bí 100,000 dọ́là. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn irin ara rẹ̀ kò bá ara wọn ṣe déédé. Àwọn mìíràn rí àmì bí ìpẹtà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà pe ọkọ̀ 3,878 padà, nítorí pé ìbòrí ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti sáré lè yọ, kó sì há. Ọṣẹ ni wọ́n lò láti mú kí ìbòrí náà tètè wọlé, láìgba àṣẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n tún pe ọkọ̀ 46,096 padà: irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ òrùlé rẹ̀ lè já bọ́ lójú títì. Irin kọ́ ló bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù tó dì í mú ni ojú ọjọ́ lè mú kó gan, kó sì ṣẹ́.

Olùfẹ́, ṣé o rí i? Òòlù kò rí ilẹ̀kùn náà gbé ṣe. Ọṣẹ àti gọ́ọ̀mù ló dójú ti ọkọ̀ náà. Òòlù wá níwájú èrò. Ọṣẹ àti gọ́ọ̀mù wà níbi tí ojú olùrà kò tó.

Ìbéèrè òwúrọ̀ yìí nìyí: kí ni mo jẹ ẹni tó fọkàn tán mi níbi tí kò ti lè yẹ̀ mí wò? Àwọn kan á ní, "Ẹni tó fẹ́ ra ọjà ni kó la ojú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dára fún ata àti tòmátì tó wà lórí àtẹ. Ta ló lè la ojú títí tí yóò fi rí abẹ́ irin? Níbi tí ojú ẹnìkejì parí sí, ibẹ̀ gan-an ni gbèsè tiwa ti bẹ̀rẹ̀. A kò sì jẹ olùrà nìkan. Bí irin bá já bọ́ lójú títì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò ra nǹkan kan, ló lè bà. Ìdí nìyí tí òfin Mósè fi ní kí ẹni tó kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú.

Bírìkìlà mọ iye sìmẹ́ǹtì tó wà nínú òpó kó tó rẹ́ ẹ. Télọ̀ mọ bí òun ṣe rán abẹ́ aṣọ. Ìwọ náà mọ ọṣẹ tí o fi ń gba ọ̀nà àbùjá níbi iṣẹ́ rẹ. Kì í ṣe pé ìkà ni ọ́. O kàn fẹ́ kí iṣẹ́ yá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: wọ́n pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Níbi tí gọ́ọ̀mù nìkan wà tẹ́lẹ̀, wọ́n jó bóòtù mọ́ irin, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì dè é. Ìtìjú ni kéèyàn tú iṣẹ́ tó ti tà, ṣùgbọ́n ìtìjú òní sàn ju òkú ọ̀la lọ. Bí ẹni tó fọkàn tán ọ bá mú ẹ̀sùn wá lónìí, ìbáà ṣe oníbàárà, ìbáà ṣe ìyàwó tàbí ọmọ, má bínú. Jókòó, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí o sì mọ̀ pé gọ́ọ̀mù lásán lo fi lẹ̀, má dúró de ẹ̀sùn. Pè é padà.

ÀDÚRÀ: Baba, fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ń wò ó. Èyí tí mo ti ṣe kù, fún mi ní ìgboyà láti tú u, kí n sì tún un ṣe, ní orúkọ Jésù. Àmín.