Ta Ni Yóò Rí Irin Inú Òpó?

Ọ̀ràn kan wà tí ó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, mo sì fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.

Mo yà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ní abúlé kan ní ìhà Lálúpọn. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ ni wọ́n ti fi lélẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n onílé ti yí ọkàn padà: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó ń fẹ́ báyìí, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí òkè sì jẹ́ yàrá tí a óò fi háyà. Irin mẹ́rin ni ó yẹ kí ó wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan. Méjì péré ni mo rí nínú àwọn kan. Mo bi bàbá bíríkìlà léèrè. Wọ́n ní, “Olùkọ́, ẹni tí ó ni ilé ni ó ní kí a ṣe é bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tiwa kì í sáà mì. Bí a bá sì ti rẹ́ ẹ tán, ta ni yóò rí i?” N kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n sọ nípa ilẹ̀. Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ wa kò rí bí ilẹ̀ Japan, níbi tí ilẹ̀ ti ń mì lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kì í mì rárá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ìmìtìtì-ilẹ̀ ńlá kan wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ìlú Accra, ó pa ènìyàn, ìjọba sì ní láti kọ́ ilé tuntun fún àwọn tí kò ní ibùgbé mọ́. Ní oṣù keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára ní Ṣágámù, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn wa níhìn-ín. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó mì ní Mpape ní Àbújá. Àwọn ti ilẹ̀ wa wọ̀nyí kò wó ìlú, n kò sì fẹ́ fi wọ́n dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀rọ̀ náà, “ilẹ̀ wa kì í mì,” kì í ṣe òtítọ́ tí ènìyàn lè gbé ilé lé lórí.

Ìmìtìtì fúnra rẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn. Ilé ni ó ń pa wọ́n. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì ní Háítì, ìwọ̀n agbára rẹ̀ sì jẹ́ 7.0. Ènìyàn tí ó kú ju 100,000 lọ. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kejì, ilẹ̀ mì ní Ṣílè, ìwọ̀n ti èyí sì jẹ́ 8.8, èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 500 ti Háítì. Àwọn tí ó kú níbẹ̀ tó 500 ó lé díẹ̀. Òótọ́ ni pé ìmìtìtì ti Háítì súnmọ́ ìlú ńlá ju ti Ṣílè lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ní Ṣílè, òfin ìkọ́lé wà, wọ́n ń pa á mọ́, ẹni tí ó kọ́ ilé tà sì ní láti jíhìn fún ọdún mẹ́wàá bí egungun ilé náà bá ní àbùkù. Ní Háítì nígbà náà, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ tí ó múlẹ̀. Kálukú ń kọ́ bí ó ti rí owó.

Kí ni ó wà nínú ilé tí kò wó? Ilé tí a kọ́ láìronú ìmìtìtì mọ bí a ti í gbé ẹrù sísàlẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ìmìtìtì a máa tì í sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wo obìnrin tí ó dúró nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ru ìkòkò omi: bí ọkọ̀ bá fò, ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ bì í ṣubú. Nítorí náà ni òrùlé páànù ṣe sàn ju òrùlé wúwo lọ. Ẹ tún wo ìdì igi ìdáná: okùn ni kì í jẹ́ kí ó tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àmùrè kọnkéré onírin tí a bá fi yí orí gbogbo ògiri ká ṣe ń so ilé pọ̀. Irin tí ó dúró nínú òpó ń fẹ́ òrùka irin tí ó súnmọ́ ara wọn, kí òpó má baà bẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, tí yàrá wúwo sì wà lókè, dà bí ẹni tí ara rẹ̀ tóbi tí eékún rẹ̀ kò lágbára. Ilẹ̀ àbàtà tí a fi pàǹtí dí sì ń mì ju ilẹ̀ líle lọ.

Ẹnìkan lè wí pé irin wọ́n, àwọn ọmọ òun sì ń sùn lábẹ́ òrùlé tí ó ń jò lónìí; ṣé kí òun jẹ́ kí òjò pa wọ́n nítorí ohun tí ó lè má dé títí ọmọ-ọmọ òun yóò fi dàgbà? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí àgbẹ̀ kòkó ní Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà kọ́lé bí ará Tokyo. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó kọ́ ilé ilẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ń mọ ilé amọ̀ a máa dúró kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. N kò wí pé ilé amọ̀ lè dúró de ìmìtìtì. Ó wà lára àwọn tí ó wó ní Accra. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé sórí ògiri ohun tí ògiri kò lè rù. Àìní lè dín títóbi ilé kù. Kò gbọ́dọ̀ dín agbára rẹ̀ kù.

Jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin tí a yọ nítorí pé ilẹ̀ kì í mì, a ti yọ ọ́ kúrò lọ́nà òjò, ìjì àti ẹrù ojoojúmọ́ pẹ̀lú. Ilẹ̀ kò mì ní Ìkòyí ní Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó, tí ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà kan rí mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń kọ́ ilé fún ìlò gbogbo ènìyàn. Ẹnìkan mú iye owó náà wálẹ̀ púpọ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó yọ kúrò kí owó tó wálẹ̀, èmi náà kò sì béèrè. Nítorí náà n kò lè fi bàbá bíríkìlà nìkan ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀.

Bí ilé bá sì wó, a máa ń yára wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Olúwa wa kọ̀ láti gbà pé àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Òfin Mósè pẹ̀lú pàṣẹ kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wá sórí ilé náà. Òfin náà kò dúró kí ẹnìkan kọ́kọ́ ṣubú. Mímì ilẹ̀ kò sí ní ọwọ́ wa. Irin méjì tàbí mẹ́rin wà ní ọwọ́ wa. Bí a bá pe èyí tí a fi ọwọ́ ara wa yọ ní àmúwá Ọlọ́run, ẹ̀rí èké ni a jẹ́ mọ́ Ẹlẹ́dàá.

Èsì ìbéèrè bàbá náà ti yé mi wàyí. Kò sí ẹni tí yóò rí irin náà. Ayálégbé kò ní rí i, ọmọ tí a kò tíì bí kò ní rí i. Ìwé òfin ìkọ́lé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n òfin kò lè wo inú òpó tí a ti rẹ́. Nítorí pé wọn kò lè rí i, tí wọn kò sì lè bi wá léèrè, ni a ṣe jẹ wọ́n ní gbèsè rẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń rí, ojútì nìkan tó láti mú wa ṣe é dáadáa. Ohun tí a fi pamọ́ ni ó ń sọ irú ẹni tí a jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ lọ wo irin kí a tó da kọnkéré. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ béèrè ìdí tí owó fi wálẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìdí tí a fi ń so ìdì igi.

Nígbà tí mo padà sí abúlé náà, wọ́n ti rẹ́ àwọn òpó wọ̀nyẹn. N kò lè mọ èyí tí ó ní irin mẹ́rin àti èyí tí ó ní méjì mọ́. Mo lọ bá onílé ní ìkọ̀kọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ ní ilé ilẹ̀. Kò tíì fún mi ní èsì.