Kí Àlejò Tó Bèèrè Omi, Kó Bèèrè Èèwọ̀



Ìbéèrè kan ń wá sọ́dọ̀ mi léraléra lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mí. Wọ́n á ní, "Bàbá, a fẹ́ lọ sí àwọn ìlú inú igbó tó wà lápá odò lọ́hùn-ún, bíi ìhà Ìjàgbà àti odò Ọ̀sẹ̀. A fẹ́ rí odò náà, ká ya fídíò, ká bu omi díẹ̀, ká já ewé bọ̀. Ṣé ó burú ni?" Ìrìn àjò kò burú rárá. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, arìnrìn-àjò ni. Àìmọye ẹsẹ Ifá ló sọ fún wa pé ó ń ṣawo lọ sí ìlú kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú: kí ni àlejò jẹ ibi tó lọ? Ẹni tí kò gbé ìjà lọ, tí kò jalè, tó kàn fẹ́ wòran, ṣé gbèsè kankan wà lọ́rùn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. A máa ń sọ pé ìlú báyìí "jìnnà". Ó jìnnà sí ta ni? Ẹni tí wọ́n bí sí Ìjàgbà kò jìnnà sí ibì kankan, àárín ayé rẹ̀ gan-an ló wà. Èkó ló jìnnà sí i. Ìtàn pàápàá gbè é lẹ́sẹ̀. Kí títì ọlọ́dà tó dé, odò àti ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó ni títì. Láàárín 1969 sí 1971, Ekpo Eyo àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀. Ère amọ̀ ni wọ́n wú jáde níbẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn lọ dé nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ère náà jọ ti Ifẹ̀, wọ́n tún jọ ti Benin. Ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn inú igbó yìí ti mọ ayé, ayé sì ti mọ̀ wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ilẹ̀ tó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ibi tí a kò mọ̀ la máa ń pè ní ibi jíjìn. Ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà sì nìyí: tí o bá ti pe ibì kan ní "inú igbó", ọkàn rẹ á máa sọ fún ọ pé kò ní olówó. Á máa ṣe ọ́ bíi pé ìwọ lo rí i. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ifá ti bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ ìtàn náà. Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ láyé, àlejò ni gbogbo wọn. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n lànà, wọ́n pín igbódù fún oníkálukú. Mẹ́rìndínlógún ni ọkùnrin inú wọn. Ọ̀ṣun, tó ṣe ìkẹtàdínlógún, wọn kò bi í léèrè ohunkóhun. Ẹ jẹ́ ká fi ara balẹ̀ wò ó: wọn kò lù ú, wọn kò bú u, wọn kò gba nǹkan rẹ̀. Wọn kàn ń ṣe iṣẹ́ tiwọn lọ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni. Síbẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ń bàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ohun tó bi wọ́n ni pé ẹni ìkẹtàdínlógún yín ńkọ́? Wọ́n padà wá bẹ̀ ẹ́ ni nǹkan tó gún.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ibi tí a ṣe nìkan ni gbèsè. Kéèyàn má bèèrè, gbèsè ni. Odò tí o débẹ̀ tí o kò bèèrè ẹni tó ni í àti ohun tí kì í fẹ́, o ti ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe Ọ̀ṣun, kódà bí o kò bá já ewé kan.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ìtàn tiwọn tó kọ ojú ọ̀rọ̀ náà sí apá kejì. Orònsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, wá sí ààfin pẹ̀lú èèwọ̀ tirẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀. Ẹni tó ti oko dé kò gbọdọ̀ ju igi ìdáná lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Lójú àwọn orogún, nǹkan yẹpẹrẹ ni. Wọ́n ṣe é tán, Orònsẹ̀n bá igbó lọ, kò sì padà wálé mọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣọdún Igógó ní oṣù Kẹsàn-án. Lásìkò ọdún yẹn, a kì í lu ìlù ní Ọ̀wọ̀, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á di irun bí obìnrin. Ìlú odindi ń rántí lọ́dọọdún ohun tí èèwọ̀ ẹnì kan ṣoṣo já sí. Ìlú tó mọ èyí nípa ẹni tó wá bá a, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti retí pé kí ẹni tó ń bọ̀ wá bèèrè tirẹ̀? Bí o bá dé Ọ̀wọ̀ lásìkò yẹn pẹ̀lú fìlà lórí, tí wọ́n ní kí o ṣí i, má bínú.

Èmi kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì kí n tó jókòó ti ọpọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un. Igi kan wà nínú igbó wa tí à ń pè ní ìrẹ́, tó ń sun oje rọ́bà. Ní nǹkan bí ọdún 1894, àwọn akórọ́bà láti Gold Coast wá kọ́ àwọn ènìyàn wa bí wọ́n ṣe ń dá a lára láti gba oje. Ní 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn ní ìwọ̀n. Gbogbo ènìyàn ló sáré wọ igbó. Wọ́n dá igi lára yíká, wọn kò jẹ́ kí egbò san, àwọn mìíràn tilẹ̀ gé igi lulẹ̀ pátápátá. Kí ọ̀rúndún tó parí, ìrẹ́ ti kú lọ bẹẹrẹ, òwò náà sì ti wó. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tó sáré wọ igbó yẹn tó ní òun fẹ́ pa igbó. Oje díẹ̀ ni kálukú fẹ́ bù. "Omi díẹ̀, ewé díẹ̀" náà nìyẹn. Díẹ̀ tèmi, díẹ̀ tìrẹ, ó ti di ìparun.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, "Bàbá, tí a kò bá ya fídíò, tí ayé kò rí i, ṣé kì í ṣe pé yóò parun náà ni?" Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ẹ wo Susanne Wenger, tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Òyìnbó Ọ́síríà ni, ó dé ilẹ̀ wa ní 1950. Òun náà wá wò ni, ṣùgbọ́n kò wò kó lọ. Ó jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn olórìṣà, ó gba èèwọ̀, ó bá wọn dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé e. Ní 2005, UNESCO fi igbó náà sára ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní 2009, Òṣogbo ló kú sí. Àwòrán igbó náà wá kárí ayé, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ló ṣáájú àwòrán. Mi ò ní kí gbogbo yín lọ fi ogójì ọdún jókòó. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ohun tí o ní kí ayé rí má jẹ́ ohun tí àwọn onílé ní kí ayé má rí.

Àwọn mìíràn á tún ní èèwọ̀ kan kò bọ́gbọ́n mu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èèwọ̀ tó bá ń pa ènìyàn lára, mi ò ní ká wò ó níran. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣe ju pé ó dí ọ lọ́wọ́ lọ, àwọn tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí odò bá kún ló ni àríyànjiyàn rẹ̀. Tí o kò bá lè pa á mọ́, má lọ. Ìyẹn náà, ọ̀wọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ti òde òní tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n. Igbó tí à ń sọ yìí ti gba àlejò burúkú. Nítorí náà, tí àgbẹ̀ kan ní agbègbè Ọ̀sẹ̀ bá rí ọ lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú báàgì àti kámẹ́rà, tó wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, má pè é ní ará oko tí kò lajú. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé ti mú ẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn onílé; ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé ti dá kún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá máa lọ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ẹ lọ kí ọba tàbí olóyè, ẹ gbé obì dání. Ẹ bèèrè ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe, ẹ tó bèèrè ohun tó yẹ ní wíwò. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má sún mọ́ ibì kan, ẹ má bi wọ́n ní "nítorí kí ni?" lẹ́ẹ̀mẹta. Tí wọ́n bá fún yín ní omi, ẹ mu ún níbẹ̀, ẹ dúpẹ́. Èyí tí wọn kò fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún odò.

Kí Ifá jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa bá ibi ire pàdé, kí ibi ire náà má kábàámọ̀ wa. Àṣẹ.