Ìwà Ni, Àbí Àìsàn?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Bí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí olóòótọ́ bá ṣàdédé ń mú ohun olóhun, ṣé ìwà rẹ̀ ló yọ síta ni, àbí àìsàn ni?

Àbúrò màmá mi obìnrin kan ń ta epo pupa ní ọjà Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo. Kò sí oníbàárà tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ rí. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 54, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àkàrà lórí àtẹ alákàrà láìsanwó. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi òkú ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n bú ọkọ wọn lójú àlejò, ojú ò sì tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ wọn kò gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n sì mọ owó kà dáadáa. Ìyẹn ló tàn wá jẹ. Arúgbó tó bá gbàgbé ọ̀nà ilé, a ó ní ó ń ṣarán, a ó sì ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó mọ owó kà, tó tún ń jí àkàrà ńkọ́? Olè là ń pè é!

Ní ìpàdé ẹbí, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé, "Ìwà tí wọ́n ti ń fi pamọ́ ló jáde." Odidi ọdún méjì ni n kò fi yà sí ìsọ̀ wọn.

Nígbẹ̀yìn, dókítà kan ní kí a lọ ya àwòrán ọpọlọ wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ olóòfà tí wọ́n ń pè ní MRI. Họ̀wù! Ọpọlọ apá iwájú orí àti ti ẹ̀bátí ti súnkì. Apá ibẹ̀ wà lára ohun tí èèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Frontotemporal dementia ni wọ́n pe àìsàn náà. Láàárín ọdún 45 sí 65 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Arnold Pick ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní ìlú Prague ní 1892, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, àfi bí aláìsàn bá kú kí wọ́n tó rí ọpọlọ rẹ̀. Ó di 1971, ní London, kí ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe tó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún alààyè.

Mo ní, "Dókítà, ẹ̀rọ yìí ló dá ìyá wa láre." Wọ́n mi orí. "Àwòrán nìkan kò tó. Bí àìsàn yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwòrán lè máà fi nǹkan kan hàn. Ẹ sọ pé wọn kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tọ́ mi sọ́nà, àwòrán kàn wá kín in lẹ́yìn ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ egungun. Ṣé dandan ni kí a rí àwòrán kí a tó ṣàánú? Mélòó nínú wa, ní Òṣogbo tàbí Iléṣà, ló lówó rẹ̀? Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nípa arán ṣíṣe ní àdúgbò Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, ní 1992, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n lọ. Wọ́n bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì bi ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú. Ará ilé ló mọ bí èèyàn ti rí tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, "Gbogbo olè ni yóò sọ pé ọpọlọ òun ló ń ṣe òun." Rárá o. Ẹni tó ti ń jalè láti kékeré, ẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó lo 50 ọdún láìmú abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn, 50 ọdún yẹn tó ẹlẹ́rìí. Àánú kò sì ní kí a má ti àpótí owó o.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá wa. Wọ́n kàn wò mí ni, wọ́n ní kí n ra àkàrà. Mo ti bá alákàrà sọ ọ́: kó máa kọ iye tí wọ́n bá mú sílẹ̀, Sátidé ni mò ń san án.

Kí ẹ̀yin náà tó pe èèyàn yín lólè, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: láti ìgbà wo?