Bébà Tó Bá Ọ̀yọ́ Ilé Láyé

Ẹni tó ń ṣa ìwé ìrìn-àjò àtijọ́ jọ kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yìí: nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ lèèyàn ń kà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tó ń náwó rẹpẹtẹ lórí bébà gbígbó? Ìbéèrè gidi ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni ìwé, a ò ní èsì fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé Hugh Clapperton, ará Scotland tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lópin ọdún 1825, tó sì wọ Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣeré eégún fún un wò. Àwọn kan jó nínú àpò, erè kan jáde, lẹ́yìn náà ni eégún kan yọ bí òyìnbó: ó funfun báláú, ó rù kan eegun, ó ń fa áṣáà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù mú, ó ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àwọn òǹwòran ń rọ àlejò pé kó má gbójú kúrò. Ẹni tó wá wo ìlú, ìlú ti wo irú rẹ̀ tán, wọ́n ti fi dárà.

Clapperton kú nítòsí Ṣókótó lọ́dún 1827. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló kó àkọsílẹ̀ náà délé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1829.

Lọ́dún yẹn, èèyàn ṣì ń gbé Ọ̀yọ́ Ilé. Aláàfin wà lórí ìtẹ́, ọjà ń ná. Kí ọdún 1840 tó pé, ìlú ti dahoro. Ẹ̀dà tí wọ́n ń tẹ̀ lóde òní ti mọ èyí. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ á ti sìnkú ìlú kí á tó wọ ẹnu odi. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ò mọ nǹkan kan. Ó sọ̀rọ̀ ogun tó ń jà nítòsí, àmọ́ kò mọ ibi tí yóò já sí. Nínú rẹ̀, Ọ̀yọ́ Ilé jẹ́ ìlú téèyàn ṣì lè padà lọ. Lójú tèmi, ohun tí olùṣàjọ ń sanwó fún nìyẹn, kò sì sí àtúntẹ̀ tó lè ní in.

Orúkọ eléégún yẹn ni mo máa ń wá nínú ìwé náà, kò sí níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé Clapperton béèrè. Ará ọ̀run ni eégún. Ta ni ìbá sọ orúkọ rẹ̀ fún àlejò?